Jákọ́bù àti Pétérù Nínú Orí Kan Náà: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́run Wo Fíìmù Ìtàn Ken Saro-Wiwa

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejìlá, ènìyàn méjì bọ́ sọ́wọ́ Hẹ́rọ́dù. Ó fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù. Nígbà tó rí i pé èyí dùn mọ́ àwọn Júù nínú, ó mú Pétérù náà, ó sì jù ú sínú túbú. Ìjọ gbàdúrà, áńgẹ́lì wọlé, ẹ̀wọ̀n já, ilẹ̀kùn irin sì ṣí fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la ti wàásù lórí Pétérù. A ti fi orí yìí ṣe ìṣọ́ òru, a ti fi ṣe àkòrí ọ̀sẹ̀ ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti gbọ́ ìwàásù kan ṣoṣo lórí Jákọ́bù? Ẹsẹ kan péré ni Lúùkù fi sọ ikú rẹ̀, ojú wa sì máa ń sáré kọjá lórí ẹsẹ náà kí a lè tètè dé ọ̀dọ̀ áńgẹ́lì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí a fi fíìmù nípa Ken Saro-Wiwa han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn. Nígbà tí fíìmù náà parí, kíláàsì dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ìbéèrè mẹ́ta jáde. Èkíní ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àtúnbí ni ọkùnrin yìí?" Èkejì ní, "Kí ló dé tí Ọlọ́run kò yọ ọ́?" Ẹ̀kẹta ní, "Ṣé a lè gbé irú èyí wá sórí pẹpẹ?" A dáhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó. Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún oyè òjíṣẹ́, àti fún ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Oríkì, ẹ̀rí àti fíìmù ìtàn gidi

Fíìmù ìtàn gidi, èyí tí àwọn oníròyìn ń pè ní dọkuméńtárì, yàtọ̀ sí eré orí ìtàgé. Nínú eré, òṣèré ló ń sọ ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi sí i lẹ́nu. Nínú fíìmù ìtàn gidi, ẹni tọ́rọ̀ kàn ló ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ tí a rí sì ni ilẹ̀ náà gan-an. Síbẹ̀ ẹnìkan ló yan ohun tí kámẹ́rà yóò wò, ohun tí wọn yóò gé kúrò, àti ọ̀rọ̀ tí yóò kẹ́yìn. Nítorí náà ẹ̀rí ni, ẹ̀rí ènìyàn sì ṣe é yẹ̀ wò.

Àwa Yorùbá mọ irú iṣẹ́ yìí tipẹ́. Bí akéwì bá ń ki ènìyàn, kì í ṣe rere nìkan ló ń sọ. Oríkì ìdílé mìíràn ń rántí ìjà, gbèsè àti ìwà líle baba ńlá wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ láìbínú, nítorí pé bí ọkùnrin náà ṣe rí nìyẹn. Ìwé Mímọ́ náà kò bo ohun tí Dáfídì ṣe sí Ùráyà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pa ọjọ́ tí Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ mọ́. Àkókò ẹ̀rí nínú ìjọ wa ló fẹ́ bà wá jẹ́ níbí. A ti kọ́ àwọn ènìyàn wa láti dìde sọ ìtàn tó ní ìṣòro, àdúrà àti ìtúsílẹ̀, kí ìjọ lè kígbe "Halelúyà" ní ìparí. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ kò tíì dé ibi ìtúsílẹ̀, a kì í fún un ní gbohùngbohùn. Ìdí nìyí tó fi ṣòro fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti wo fíìmù tí ìparí rẹ̀ jẹ́ okùn.

Ta ni ọkùnrin náà?

Wọ́n bí Kenule Saro-Wiwa ní Bori, nílẹ̀ Ogoni, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1941. Ó lọ sí Government College ní Umuahia, ó sì wá kẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Fásitì Ìbàdàn. Nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ló wà, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó Bonny. Lẹ́yìn náà ó di kọmíṣánnà ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó ṣòwò, ó sì lówó lọ́wọ́. Ní 1985 ni ìwé rẹ̀ Sozaboy jáde, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ iṣẹ́ ológun láìmọ ohun tí ogun jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí Basi and Company lórí tẹlifíṣàn NTA, eré apanilẹ́rìn-ín nípa Basi ará Èkó tó fẹ́ di mílíọ́nà láìṣiṣẹ́. Ken Saro-Wiwa ló kọ ọ́. Bí àwa oníwàásù aásìkí bá tún un wò lónìí, ó ṣeé ṣe kí a rí ara wa níbẹ̀ díẹ̀.

Ohun tó yí ayé rẹ̀ padà ni epo rọ̀bì. Láti 1958 ni wọ́n ti ń fa epo nílẹ̀ Ogoni. Páìpù gba oko kọjá, epo ń dà sínú odò, iná gáàsì ń jó tọ̀sán-tòru nítòsí ilé, owó rẹ̀ sì ń lọ síbòmíràn. Ní 1990 àwọn Ogoni kọ ìwé ẹ̀tọ́ wọn jáde, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ MOSOP sílẹ̀. Saro-Wiwa di ohùn ẹgbẹ́ náà, lẹ́yìn náà ó di ààrẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1993, àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láti fi ẹ̀hónú hàn. Gbogbo ènìyàn Ogoni nígbà náà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Shell dáwọ́ iṣẹ́ dúró nílẹ̀ wọn.

Channel 4 ti ilẹ̀ Britain gbé fíìmù méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọkùnrin náà ṣì wà láàyè, The Drilling Fields ní 1994 àti Delta Force ní 1995. A gba gbogbo olùkọ́ nímọ̀ràn láti wo méjèèjì. Ohun tó jọ wá lójú ni pé kámẹ́rà kò dúró lójú ọkùnrin náà nìkan, ó ń padà sórí ilẹ̀, sórí iná, sórí omi. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn. A kò lè mọ ẹlẹ́wọ̀n bí a kò bá wo ohun tó torí rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó bá ń ka Jeremáyà láìwo Jerúsálẹ́mù yóò pè é ní oníkùnsínú.

Ọgbà àjàrà Nábótì

Ní oṣù Kẹfà 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù kan. Ìwé tó kọ nípa àtìmọ́lé náà, A Month and a Day, jáde ní 1995. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 1994, àwọn èrò pa àwọn ìjòyè Ogoni mẹ́rin ní Giokoo: Edward Kobani, Albert Badey, Samuel Orage àti Theophilus Orage. Saro-Wiwa kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mú un lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní òun ló rán àwọn èrò níṣẹ́. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló lò ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó fi ẹ̀sùn kàn án.

Ìjọba ológun ti Abacha kò gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ tí gbogbo ènìyàn ń lọ. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ pàtàkì ni wọ́n gbé kalẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ ológun, tí kò sì sí ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀, tí Gani Fawehinmi ọmọ Oǹdó ṣáájú wọn, tí Femi Falana sì wà lára wọn, yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí òdodo níbẹ̀. Méjì nínú àwọn ẹlẹ́rìí ìjọba búra lẹ́yìn náà pé wọ́n fi owó àti ìlérí ra ẹnu àwọn. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 1995 wọ́n dájọ́ ikú. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, wọ́n yẹgi fún òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt. Lọ́jọ́ kejì, àjọ Commonwealth dá Nàìjíríà dúró.

Ta ni nínú wa tí kò ní rántí Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí kọkànlélógún? Ilẹ̀ bàbá ẹni, ọba tó fẹ́ ẹ, ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n wá wá, ìdájọ́ tó tẹ̀lé òfin lójú ayé, àti òkú lẹ́yìn odi. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, kí a má ṣe sọ pé ìtàn méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Nábótì kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kú ní Jésíréélì ṣáájú ẹjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà jọ ara wọn. Jésíbẹ́lì kò fi idà pa Nábótì ní kọ̀rọ̀, ó lo àwẹ̀, àwọn àgbà ìlú àti ilé-ẹjọ́. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ àwẹ̀ yẹn. Ètò ìsìn ni wọ́n fi bo ìpànìyàn náà mọ́lẹ̀, kò sì sí àgbà ìlú kan tó sọ pé, "Rárá o."

Ìwé nínú agbọ̀n oúnjẹ

Nígbà tí Saro-Wiwa wà ní àtìmọ́lé ológun, Sista kan láti Ireland, Majella McCarron ti ìjọ Àgùdà, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ní Nàìjíríà, jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń fi agbọ̀n oúnjẹ kó lẹ́tà rẹ̀ jáde. Lẹ́tà 28 àti ewì 27 ni Sista náà pa mọ́. Ní 2011 ó kó wọn fún Fásitì Maynooth ní Ireland, ní 2013 wọ́n sì di ìwé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Silence Would Be Treason.

Ẹ̀yin ará, bí a kò bá rí ohun mìíràn mú nínú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí a mú agbọ̀n yìí. Ìdá ńlá nínú Májẹ̀mú Tuntun wa ló jáde láti inú túbú. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Fílípì àti Fílémónì nínú ìdè. Ẹnìkan ló gbé ìwé náà jáde, ẹnìkan ló gbé oúnjẹ wọlé. Onesífórù wá a kiri ní Róòmù títí ó fi rí i, kò sì tijú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Nínú lẹ́tà kejì sí Tímótì, àpọ́sítélì náà béèrè ẹ̀wù òtútù àti àwọn ìwé rẹ̀. Nígbà tí Jèhóíákímù fi ọ̀bẹ gé àkájọ ìwé Jeremáyà, tó sì sun ún níná, Bárúkù jókòó, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ebedi-Méléki wá àkísà sábẹ́ abíyá wòlíì náà kí okùn má baà bó o lára nígbà tí wọ́n ń fà á jáde nínú kòtò. Ọlọ́run tó mọ orúkọ wòlíì mọ orúkọ ẹni tó wá àkísà.

Àwọn tí kámẹ́rà kò dúró lọ́dọ̀ wọn

Ẹni tó bá fẹ́ fi irú fíìmù báyìí kọ́ni gbọ́dọ̀ béèrè àwọn tí kò sí nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n yẹgi fún, ṣùgbọ́n ayé mọ orúkọ ẹnìkan. Barinem Kiobel, John Kpuinen, Baribor Bera, Saturday Dobee, Nordu Eawo, Daniel Gbooko, Paul Levera àti Felix Nuate kò kọ ìwé, wọn kò sì ní eré lórí tẹlifíṣàn. Ikú wọn kò kéré sí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìjòyè mẹ́rin tí wọ́n pa ní Giokoo. Wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ké láti inú ilẹ̀ bíi ti Ábẹ́lì. Bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá ṣọ̀fọ̀ àwọn mẹ́sàn-án láìṣọ̀fọ̀ àwọn mẹ́rin, ẹgbẹ́ ló ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ àlùfáà.

Ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Ken Wiwa, kọ ìwé kan ní 2000 tó pè ní In the Shadow of a Saint. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ bó ti nira tó láti jẹ́ ọmọ bàbá tí ìjà ìlú ti gbà mọ́ ilé lọ́wọ́. Àwa pásítọ̀ ni a kọ́kọ́ ní láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tiwa náà ń pín bàbá wọn pẹ̀lú ìjọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta

Ṣé àtúnbí ni? Èyí wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, àwa kò jókòó sórí ìtẹ́ náà. Ohun tí a lè sọ ni pé nínú Mátíù 25, Ọba kò bi àwọn àgùntàn bóyá wọ́n yẹ ìgbàlà ẹlẹ́wọ̀n wò kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ kan ń sọ pé àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù nìkan ni "àwọn arákùnrin mi" níbẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún ìtumọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kódà bó bá rí bẹ́ẹ̀, ará Samáríà tó wà nínú Lúùkù 10 ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ wa. Kò béèrè ìjọ tí ẹni tí wọ́n lù lójú ọ̀nà ń lọ.

Kí ló dé tí Ọlọ́run kò yọ ọ́? Hébérù 11 ni kí a kà dé ìparí. Orí náà sọ àwọn tó dí kìnnìún lẹ́nu, lójijì ó yí sí àwọn mìíràn tí wọ́n fi ayùn rẹ́ sí méjì, tí wọ́n rìn kiri nínú awọ àgùntàn, ó sì ka gbogbo wọn sí ẹlẹ́rìí ìgbàgbọ́. Ìjọ tó gbàdúrà fún Pétérù kò lè máà gbàdúrà fún Jákọ́bù. Ìtúsílẹ̀ jẹ́ oore-ọ̀fẹ́, kì í ṣe òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́. Bí a bá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n, ẹni tí kò jáde yóò jìyà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́wọ́ Hẹ́rọ́dù àti lọ́wọ́ wa.

Ṣé a lè gbé e wá sórí pẹpẹ? Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá sọ òtítọ́ rẹ̀ pé. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2025, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ìdáríjì fún àwọn mẹ́sàn-án náà, ó sì fún wọn ní oyè orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàárín Ogoni àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sọ pé ohun tí àwọn ń béèrè kọ́ nìyí. Ta ló yẹ kó yé ju àwa lọ? A ti kọ́ ní kíláàsì pé ìdáríjì yàtọ̀ sí ìdáláre. Ẹni tí a dárí jì, a gbà pé ó ṣẹ̀. Ẹni tí a dá láre ni ilé-ẹjọ́ sọ nípa rẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Ìdájọ́ 1995 ṣì wà nínú ìwé. Ilẹ̀ náà ńkọ́? Ìwádìí tí àjọ UNEP ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè gbé jáde ní 2011 rí i ní abúlé kan pé oró benzene nínú omi kànga tí wọ́n ń mu ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé gbà láàyè lọ ní ìlọ́po 900, ó sì sọ pé àtúnṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ní 2009 Shell san mílíọ̀nù 15.5 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí àwọn ìdílé pè é ní Amẹ́ríkà, láìgbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ̀bi tiwa

A wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní 1995. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ikú àwọn mẹ́sàn-án, a lọ sí ìjọsìn bí a ti máa ń lọ. A kọrin, a dá ìdámẹ́wàá, a gbàdúrà fún Nàìjíríà lápapọ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Ogoni. Ọmọdé ni wá, a kò rò ó sí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà tí ìyá kan nínú ìjọ tí a ń bójú tó wá bá wa pé ọlọ́pàá ti mú ọmọ òun. A gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. A fi òróró yàn án lórí. A wàásù Pétérù fún un. Ọmọ náà lo oṣù mẹ́rìnlá ní àtìmọ́lé láìdúró níwájú adájọ́ tó parí ẹjọ́ rẹ̀, a kò sì dé ọgbà ẹ̀wọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ tó jáde, ìyá rẹ̀ mú un wá ṣọpẹ́. Ó kí wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ béèrè pé, "Dádì, ṣé wọn kì í jẹ́ kí àwọn pásítọ̀ wọlé ni?" A kò rí èsì fọ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi, ìdájọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Nítorí náà, kí a tó parí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ìjọ kékeré lè ṣe. Kí ìwé kan wà lọ́fíìsì tí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ àti ọmọ àdúgbò tó wà ní àtìmọ́lé sí, pẹ̀lú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ wọn. Kí ènìyàn méjì máa lọ jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ náà, nítorí adájọ́ máa ń rí i bí ẹnìkan bá ní ẹni. Kí agbẹjọ́rò tó wà nínú ìjọ fi ẹjọ́ kan lọ́dún ṣe ìdámẹ́wàá iṣẹ́ rẹ̀. Kí a máa gbé oúnjẹ lọ, kí a sì máa gbé lẹ́tà bọ̀ lọ́nà tí òfin gbà láàyè. Bí ohun tí a rí níbẹ̀ bá burú, kí a sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú orúkọ wa nísàlẹ̀ ìwé.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ wàásù láti inú Ìṣe orí kejìlá, a bẹ̀ yín, ẹ dúró ní ẹsẹ kejì díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìjọ gbọ́ orúkọ Jákọ́bù. Nínú ìjókòó yín, ẹnìkan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tíì ṣí, ó sì ń wò bóyá ìtàn tirẹ̀ wà nínú Bíbélì.